Ẹni Tó Ń Da Ìgò Pọ̀

Kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi gan-an ni mo jà fún òfin náà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, bí mo bá sì rí bébà nílẹ̀ títí dòní, ọwọ́ á máa yún mi ni. Nínú ilé alájà mẹ́ta tí à ń gbé, Ìyá Òfin ni gbogbo fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń pè mí. Wọ́n rò pé èébú ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn.

Òfin ọ̀hún ò le. Káńsù ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ya ìdọ̀tí ẹ̀ sọ́tọ̀: oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lọ́tọ̀, bébà lọ́tọ̀, ìgò lọ́tọ̀. Àpótí ike mẹ́ta ni wọ́n gbé wá sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn fún ìgò nìkan, ọ̀kan fún ìgò funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búráùn. Téèyàn bá ra ohun mímu, wọ́n á gba owó ìgò mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ akódọ̀tí bá wá kó ìgò tí kò sí àdàlù níbẹ̀, káńsù á dá owó ìgò yẹn padà fún gbogbo ilé lápapọ̀. A ti fẹnu kò pé òun la ó fi tún ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ṣe, torí ó ti pé oṣù mẹ́rin tí àwa ará òkè ti ń ru omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ìgbà méjì lọkọ̀ wá, ìgbà méjèèjì ni wọ́n kọ ìgò wa sílẹ̀. Wọ́n bá ìgò búráùn nínú àpótí aláwọ̀ ewé. Ni wolé-wolé káńsù, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé fáìlì ẹ̀ sílẹ̀, bá wá sí mítìn wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bó bá fi lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn á kó àpótí àwọn lọ, ilé á sì san owó ìtanràn.

Dírẹ́bà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ẹnu ọkùnrin yẹn kì í sinmi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń wakọ̀. Ọjọ́ keje tí mo ní kí n nà sílẹ̀, ẹ ní kí n máa wo àwọ̀ ìgò bí ẹni tó ń wá ìyàwó! Ṣé ìdọ̀tí kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́ ni? Àwọn tó ń ṣe ìgò gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá. Owó wọn lẹ ò lè gbà, lẹ ṣe wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tèmi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní orí àti ìdí, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ gbà á lójú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa ló dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣa ìgò fífọ́ nínú ìdọ̀tí tá a dà pọ̀. Èmi ni mo máa ń dì í fún wọn ní ọsibítù. Ọ̀kan wà tí ìka ẹ̀ ò lè ká mọ́."

Wolé-wolé wá ṣàlàyé pé bí wọ́n bá yọ́ ìgò aláwọ̀ méjì pọ̀, kò sẹ́ni tó máa rà á, pé àdàlù ìgò márùn-ún lè ba ẹrù ọkọ̀ kan jẹ́. Mo bá dìde. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe ń dùn tí mo bá dìde.

"Ọ̀rọ̀ ò pọ̀," ni mo wí. "Ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ká dárúkọ ẹ̀ níwájú gbogbo ilé, kó sì fọ àpótí fún oṣù mẹ́ta. Ìtìjú ló ń kọ́ àgbàlagbà lọ́gbọ́n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi nìkan ni ò pàtẹ́wọ́. Bàbá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí.

"Bí ẹni náà ò bá mọ̀ pé òun ń ṣe é ńkọ́?" ló bi mí.

"Háà! Ta ni ò ní mọ ewé yàtọ̀ sí erùpẹ̀?" Bí mo ṣe já lu ọ̀rọ̀ ọkọ mi nìyẹn láàárín èèyàn. "Àfi ẹni tó bá fojú di wá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé mo borí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì lọkọ̀ máa ń wá. Ní alẹ́ tó ṣáájú, kálukú á gbé àpò ìgò ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó bá di àárọ̀, á kó o lọ sínú àpótí nísàlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo mú ṣọ́ọ̀kì ọkọ mi, èyí tó fi ń fàlà sára aṣọ, mo ń lọ láti ẹnu ọ̀nà sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kọ nọ́ńbà fúláàtì sí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sí tiwa náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣojúsàájú. Tó bá jẹ́ kí n gba àmì ẹ̀yẹ ni, mo tó o gbà lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó dé, mo yẹ àpótí wò. Ìgò búráùn mẹ́ta wà níbi tí kò yẹ. Mo dojú wọn dé, mo wo ìdí wọn. Ẹẹ́rin ni nọ́ńbà tó wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fúláàtì kẹrin, tiwa.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkàn mi sọ fún mi? Ó ní, Dírẹ́bà ti jí ṣọ́ọ̀kì mi! Ó ti nu nọ́ńbà tiẹ̀, ó ti kọ tèmi sí i. Mo tún ìgò náà tò, ọkọ̀ kó wọn lọ, mo wá gun òkè lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé ti gbọ́ pé Dírẹ́bà lẹni náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ilẹ̀ mọ́ tán, mo mú ìgbálẹ̀ dúró sí ìkọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kí n lè ká Dírẹ́bà mọ́ ọn. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọkọ mi. Òun ló máa ń kó ìgò wa lọ, ó ní kí n fẹsẹ̀ mi sinmi. Mo fẹ́ pè é kó yàgò, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ẹ̀.

Kò wo ìgò. Ó ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wọn ọrùn wọn. Èyí tọ́rùn ẹ̀ gùn, ó bọ́ sínú àpótí búráùn. Èyí tọ́rùn ẹ̀ kúrú, ó bọ́ sínú aláwọ̀ ewé. Báyẹn ni ìgò ṣe rí tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu máàtì ti gé ọrùn ìgò búráùn wọn kúrú. Ẹni tó bá fojú rí i á mọ̀.

Mo tún àwọn ìgò náà tò kí ọkọ̀ tó dé. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn náà.

Mo gbójú sókè wo òwú tó tò sára ògiri. Àwọn òwú tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ tí n kò wò rí. Ó ta kókó sí ẹnu gbogbo wọn. Dúdú ní kókó kan, búlúù méjì, pupa mẹ́ta. Mo mú ọ̀kan, mo fi ọwọ́ bo ẹnu òwú náà.

"Àwọ̀ wo nìyí?"

Ó nawọ́. "Gbé e wá."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "O ti rí mi," ló wí.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Mo ṣì ń rí ojú rẹ, tó o bá sún mọ́ mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ta? Ìyá Òfin?" Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ìkà kankan níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí wọra. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Aṣọ olówó iyebíye làwọn èèyàn ń gbé fún mi. Ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí ò ríran? Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni mo di ẹni tí wọ́n ń fi lọ́wọ́ mú kiri. Ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ náà, aya mi. Jẹ́ kí n ṣe é débi tó bá dé."

Mo ṣèlérí fún un pé n ò ní sọ. Mo bú sẹ́kún, ó ń tù mí nínú bí ọmọdé.

"Wọ́n ní Dírẹ́bà ni wọ́n ń fura sí," ló wí nígbà tí mo dákẹ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbi tá a ti ń ṣe mítìn. Dírẹ́bà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. Ìyàwó ẹ̀ ò tẹ̀ lé e wá. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

"Ìyá Òfin," ló wí, "mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fọṣọ. Ẹ dárúkọ mi, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Gbogbo ojú wà lára mi. Bí mo bá dákẹ́, ọkùnrin yìí á ru ohun tí kò ṣe. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti pa ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ọ̀nà kan ló kù.

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni mo ń da ìgò pọ̀. Mi ò kì í lo dígí ojú mi láàárọ̀. Ẹ bá mi bẹ Dírẹ́bà. N ó fọ àpótí fún oṣù mẹ́ta."

Ẹ̀rín bú sáyé. Dírẹ́bà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ mi láti àjà kejì?"

Mo ń wá èsì nígbà tí mo gbọ́ àga tó dún lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ti dìde. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Kò jókòó.

"Irọ́ nìyàwó mi ń pa," ló wí. "Ogójì ọdún, n ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí, ẹ sì rí i pé kò mọ̀ ọ́n pa. Èmi ni. N ò rí àwọ̀ mọ́. Ojú mi ló ń lọ. Dírẹ́bà, má bínú, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin kan láti àjà kejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

"Bàbá, aṣọ mi tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Ọkọ mi ní kó wá mú un lọ́la.

Lọ́jọ́ yẹn náà la fagi lé òfin ìdárúkọ, èmi ni mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fagi lé e. Òfin ìgò dúró síbẹ̀. Mo ṣì gbà pé ó dára. Nọ́ọ̀sì ló ń bá wa kó ìgò sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin yẹn wá mú aṣọ ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn méjì mìíràn tún wá, ọ̀kan nínú wọn kó aṣọ tí ọkọ mi ti gé tán. Ọkọ mi ká a fún un dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré tẹ̀ lé e kí n fi ọ̀rọ̀ gún un lára, ṣùgbọ́n òfin wo ló rú? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kankan ò yà. Lọ́jọ́rú, ọkọ mi ń fi epo nu ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lò. Mo jókòó tì í, mo ń ṣe bí ẹni tó ń to bọ́tìnnì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Dírẹ́bà wọlé, ó gbé láílọ́ọ̀nù kan há abíyá. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i.

"Ẹ dìde, màmá," ló wí. "N ò tíì dárí jì yín tán, ṣùgbọ́n ẹ dìde."

Ó kọjá lára mi lọ bá ọkọ mi, ó fa aṣọ yọ, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣòkòtò méjì ni. Búlúù tó ṣú ni aṣọ náà o. Mo ti ra òwú ẹ̀ pẹ̀lú, búlúù kan náà ni."

Ọkọ mi fọwọ́ pa aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó ní kí Dírẹ́bà dúró dáadáa, ó wé e mọ́ ọn níbàdí, ó di ibi tó parí sí mú, ó sì na téèpù náà sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá Òfin," ló wí, "wá bá mi kà á."