Bàbá Ẹ-Padà-Wá

Ká má parọ́, gbogbo ayàwòrán ilé tó wà nílùú ló yọ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba kéde pé a ò ní máa tò ní ọ́fíìsì ìkọ́lé mọ́. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ lè fọwọ́ sí pílánù ara rẹ̀, kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó bá òfin mu, ìwé àṣẹ á sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan nínú wa tí à ń pè ní Rúlà náà bá wọn yọ̀. Ọdún kejìlá rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, rúlà tó máa ń há sínú irun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni ò ní yọ̀? Oṣù mẹ́jọ lèèyàn ń fi dúró tẹ́lẹ̀.

Bàbá kan tó ń yẹ pílánù wò ní ọ́fíìsì náà ló ń dá gbogbo wa dúró nígbà náà. Á tẹ́ pílánù sílẹ̀, á fi ìka rìn láti yàrá dé yàrá, ètè rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, fáànù á máa han lókè orí rẹ̀. Tó bá gbójú sókè báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ padà wá." Ìyẹn la fi ń pè é ní Bàbá Ẹ-Padà-Wá. Pílánù àkọ́kọ́ tí Rúlà yà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá dá a padà. Lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ló jókòó sí tó sunkún, tó ṣépè fún àgbàlagbà. Ẹ wá wo ayé. Ohun tó ń bí èèyàn nínú nígbà yẹn náà ló wá ń wu èèyàn.

Torí lọ́jọ́bọ̀ ni Rúlà fọwọ́ sí pílánù ilé jẹ́lé-ó-sinmi kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Tíì tó ń mu ò tíì tutù tí ìwé àṣẹ fi jáde. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí kò sí ojú ẹlòmíràn tó kan iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ká pílánù, ó gba ilé bàbá lọ.

"Rúlà," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. "Ìwọ lo bú mi lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí."

"Ẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Ojú ló ń dùn mí. Etí ò fìgbà kan ṣe mí."

Ẹ̀rín pa Rúlà, ojú sì tún ń tì í. Ó tẹ́ pílánù sórí tábìlì.

"Mi ò lè rí i," ni bàbá wí. "Fẹnu mú mi rìn nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, mo wà ní yàrá òkè, èéfín ti gba ilé. Mú mi jáde."

"Ẹ jáde ní yàrá, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin ogójì."

"Ó dáa. À ń tira wa, à ń ké. Ó kù?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ ti dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ìta rèé."

"Gbogbo wa rọ́ lù ú, a tì í síta."

Rúlà tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn orí pílánù. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà máa gbá àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Tí ogójì ọmọ bá fara tì í, kò sẹ́ni tó máa lè fà á. Tó bá sì ní kó ṣí síta, àfi kó sún ògiri wọnú, kó gbé àtẹ̀gùn kúrò, kí ìpìlẹ̀ yí padà. Ìyẹn ni pé kó gba pílánù tó ti fọwọ́ sí padà. Òfin tuntun sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá gba tirẹ̀ padà kò ní fọwọ́ sí òmíràn fún ọdún méjì.

Ó ń retí kí bàbá sọ pé kó padà wá.

"Ẹ sọ ọ́, sà."

"Kí n sọ kí ni? Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀hẹ́n."

"Báwo lẹ̀yin ṣe máa ń mọ̀ nígbà yẹn?"

"Èmi wo ló mọ̀? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo dá tìrẹ padà, mi ò rí àṣìṣe kankan. Mo kàn fẹ́ tún inú ẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó kọ́ ọ ni."

Àánú bàbá ṣe Rúlà. Àárò bẹ́ńṣì ọ́fíìsì yẹn sọ ọ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó rò pé ojú àwọn àgbà ló mú ju tòun lọ. Ó mú fóònù, ó pe ìyá oníléèwé, ó ní kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti kọ pílánù náà.

"Ta ló kọ̀ ọ́?" ni ìyá oníléèwé fi ìbínú bèèrè. "Ṣebí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́?"

"Èmi ni mo kọ̀ ọ́, mà."

"Ìwọ tó o yà á?"

"Èmi tí mo yà á."

Fóònù kú.

"Kí ni wọ́n wí?" ni bàbá bèèrè.

"Wọ́n pa fóònù, sà. Bóyá wọ́n á wá ẹlòmíràn."

"Ó ṣeé ṣe." Bàbá fa àga mọ́ tábìlì, ó dijú. "Àwa ogójì ṣì wà nínú ilé o. Mú wa padà sókè, ká wá ibòmíràn gbà."

Rúlà fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fi ìka wá yàrá òkè lórí pílánù.

"Ẹ ti wà níbẹ̀, sà," ló wí.