Irùngbọ̀n Ọ̀gá Ọ́fíìsì

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí Rẹ̀mílẹ́kún onídìrí lá fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ ọ fún mi, n ò sì fi nǹkan kan kún un, àfi níbi tó bá yẹ.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọkàn Rẹ̀mílẹ́kún ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ń lo oògùn tí dókítà fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń dá àrà sórí àwọn obìnrin àdúgbò kò dá àrà kankan mọ́. Tó bá ti di ìlarun mú báyìí, ẹkún ni yóò bú sí. Ẹ̀rù ń bà á pé ọwọ́ náà ti lọ pátápátá.

Nínú àlá yìí, ó gbọ́ pé ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń dá ohun tó sọnù padà fún ẹni tó ni ín. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè òrùlé àwọn ará Ìkirè, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gun òórùn dòdò lọ síbẹ̀. Ó ní òórùn náà le dáadáa, ó sì gba ẹsẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀ béèrè ohun tó sọnù. Ó ní ọwọ́ òun ni. Ọ̀gá wo ọwọ́ méjèèjì tó gbé lé tábìlì, ó ní òun rí wọn níbẹ̀, ẹni tó tún kàn dà? Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló di òbúkọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì ọrùn rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kí i pé ẹ kú àyípadà, ó fún un láyè kó jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà náà ni ìlarun inú àpò rẹ̀ fọhùn.

"Wo irùngbọ̀n ọ̀gá. Ṣé bá a ṣe máa fi í sílẹ̀ nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ti ojú ayé nìyẹn. Àlá la wà yìí. Fi ti ojú àlá dì í."

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ó jókòó, ó fi òbúkọ sáàárín ẹsẹ̀, ó ń dì í. Òbúkọ ń ké pé kó má fà á jù. Rẹ̀mílẹ́kún pa irọ́ tí gbogbo onídìrí ń pa, ó ní ó kù díẹ̀, nígbà tí kò tíì dé ìdajì. Kò pẹ́ ni akọ̀wé kan, tí òun náà ti di ewúrẹ́, jẹ okùn ọ́fíìsì já, ni atẹ́gùn bá ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí òun náà bẹ́. Ó ní òun ò fi orí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ìdajì rí, pé orí tó dorí kodò ni irùngbọ̀n. Ó dì í tán. Òbúkọ wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní ẹwà òun ti ju ipò òun lọ, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi jí i.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Sìfáwù, àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo wajawaja etí aṣọ ìbora. Láti igun dé igun ni ẹnì kan ti dì í, ní irú àrà tí ẹnikẹ́ni ò dì rí ní Ìkirè. Àǹtí ṣí ìborí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti orúnkún Rẹ̀mílẹ́kún, ó ní kó di irú ẹ̀ sórí òun.

Rẹ̀mílẹ́kún wo ọwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí. Ọwọ́ àlá ló dì í. Tílẹ̀ bá mọ́ tán, ó lè lọ."

"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán," ni Àǹtí wí. "Yáa bẹ̀rẹ̀."