Àpótí Méjì, Gìtá Kan

…Àbí wáyà ni? Wáyà náà ni, kí ló tún lè jẹ́? Mo ki gìtá bọ àpótí agbóhùnjáde tèmi nìkan, ó dún. Mo ki í bọ ti Lérè tá a jọ ń ta gìtá tẹ́lẹ̀ nìkan, ó dún. Mo wá pa méjèèjì pọ̀ báyìí, ohùn ìsàlẹ̀ sá lọ! Ó fẹ́lẹ́, ó ń ti imú jáde bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Kí n fi kan kún un, kó wá dín kù… ta ló rí irú èyí rí?

Oòrùn ti ń yẹ̀. Jàfárù, télọ̀ ará Osooro, ń bọ̀ wá gbọ́ èsì tó bá ti kírun Alásárì tán. Tí mi ò bá rí èyí ṣe kó tó dé — rárá, màá rí i ṣe. Mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ̀gá. Èmi Dúrósinmí, ẹnu mi á pa mí lọ́jọ́ kan.

"Gìtá kan ò tó," bí Àlàmú, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, ṣe wí lówùúrọ̀ yìí nìyẹn. "Ìṣílé Oyèkànmí là ń lọ, gbogbo Ìlútítun ló mọ̀ wá mọ gìtá méjì. Jẹ́ kí Jàfárù bá ọ ta èkejì." Mo ní kó fún mi ní yàrá tó ń kó agbá epo sí yìí, kó tan ẹ̀rọ iná fún mi, kó gbé àpótí méjèèjì sílẹ̀. Gìtá kan á ṣe iṣẹ́ méjì. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí o, Dúrósinmí." Tèmi á gbé e, sà. Tèmi á gbé e! … Wò mí bí mo ṣe jókòó sáàárín agbá, tí epo pupa ti ba ṣòkòtò tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sóde jẹ́.

Kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ilé Àlàájì Ṣéhù tó ń ra èkùrọ́ ní Òkìtìpupa la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èmi àti Lérè. Rédíògíráàmù tuntun, ẹnu ẹ̀ méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Fèrè ń wá láti ọ̀tún, gìtá láti òsì, olórin wá dúró láàárín, níbi tí kò sí ẹnì kankan. Irun ara mi dìde. "Sítẹ́ríò nìyẹn," Lérè sọ sí mi létí. "Tiwa kọ́ yìí? Ìwọ lọ́tùn-ún, èmi lósì." Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé àpótí wa kalẹ̀ lóde. Áńpù ló máa ń pè é, á ká ètè jọ bí òyìnbó, inú á máa bí mi. Mo ń béèrè, ó ń dáhùn. Ká gbé gìtá méjì sọ́wọ́, ká máa bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́…

Ogun abẹ́lé parí, Lérè lọ sí Wàrí. Ó gbé gìtá, ó fi àpótí sílẹ̀. "Ó wúwo jù. Màá wá gbé e." Ó ṣáà ní òun á wá gbé e.

Wáyà. Jẹ́ n ronú sí wáyà. Mo gé e, mo fi òjé jó o pọ̀: orí kan sínú gìtá, ìrù méjì, ọ̀kan sí àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo fà á, kò já. Kì í ṣe wáyà. Tí kì í bá ṣe wáyà —

Òjò! Òjò tó rọ̀ sórí àpótí Lérè lọ́dún yẹn, tó jẹ́ kí bébà ẹnu sípíkà rẹ̀ rà. Àwa méjèèjì la fọwọ́ ara wa pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Wáyà méjì, àwọ̀ kan náà. "Èwo ló lọ síbo?" "Èyí tó bá wù ẹ́, Dúró. Ṣé kó ṣáà ti dún?" Ó sì dún. A jó. Ta ni ì bá mọ̀? Gìtá rẹ̀ ló wà nínú tiẹ̀, tèmi ló wà nínú tèmi, kálukú ń sọ tẹnu ẹ̀.

Mo pa iná. Mo tú ẹ̀yìn àpótí méjèèjì. Mo fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan wáyà tèmi: bébà ẹnu rẹ̀ fò síta, pọ́! Mo fi kan ti Lérè lọ́nà kan náà: ó sún wọlé. Ó sún wọlé! Bí tèmi ṣe ń tì, tiẹ̀ ń fà. Ohùn tí ọ̀kan bá sọ, èkejì ń gbé e mì. Gbogbo ọdún tá a jọ lò pọ̀… a ò mọ̀.

Mo yí wáyà ti Lérè padà, èyí síbi ìyẹn, ìyẹn síbi èyí. Mo tan iná.

Háà. Háà, Olúwa. Ohùn ìsàlẹ̀ dé. Ó gba inú agbá, ó gba ilẹ̀, ó ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀. Ọ̀tún ń dún, òsì ń dún, orin dúró láàárín gbọnin. Mo ṣe é! Àlàmú á gbọ́ ọ láti ojúde, á mọ̀ pé mi ò parọ́. Jàfárù lè padà sílé lọ máa ránṣọ. Mo ta ìbéèrè tá a máa ń fi bẹ̀rẹ̀, mo yíjú sósì…

Èmi ni.

Mo tún un ta. Mo yíjú. Èmi náà ni. Ohun tí mò ń sọ lọ́tùn-ún ni mò ń sọ lósì, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́. Lérè máa ń pẹ́! Á jẹ́ kí n parí, á máa wo àjà bí ẹni tí ò gbọ́, màá ti máa rò pé ó ti gbàgbé, ìgbà yẹn lá wá dáhùn, ohun tí mi ò rò rí. Nígbà míì á ṣì í. Inú á bí mi, màá gbé òmíràn lé e, a ó sì bá ibẹ̀ dé ibi tí èmi àti òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dáwọ́ dúró kí n fún un láyè. Àpótí méjèèjì dákẹ́ pọ̀. Wọ́n kàn ń kùn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àárò rẹ ń sọ mí, Lérè. Ó ń sọ mí dé eegun.

"Lérè kẹ̀? Ó ti gbé gìtá yẹn tà tipẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ti bímọ, ara ẹ̀ ti balẹ̀ sí Wàrí." Agatha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló sọ ọ́ níjọ́sí, lọ́jà Òkìtìpupa. Ó ń to ẹja, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo béèrè bóyá tuntun ni ẹja náà. Mo délé, mo ń nu àpótí Lérè. Ìyá mi ń ké sí mi, "Ọma mi, ghá ulí, ghá jẹ púpurú," kí n wọlé wá jẹun, mo ń nu àpótí.

Ẹni tó gbé gìtá tà, kí ló fẹ́ fi àpótí ṣe?

Jàfárù… Kí ni mo tiẹ̀ rí sí Jàfárù? Ó ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Mo wí fún Àlàmú pé kò mọ̀ ọ́n ta, mo tún wí fún àwọn yòókù, pé yóò bà á jẹ́. Bàjẹ́ kẹ̀? Níbi ìkómọ tá a lọ lẹ́ẹ̀rùn, ó gba gìtá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó jókòó tì mí. Mo béèrè. Ó dákẹ́ títí àyà mi fi já. Ó wá dáhùn — kò jọ ti Lérè, kò jọ ọ́ rárá, láti abẹ́ ló gbà wá, ó rọra, ẹ̀rín wà nínú ẹ̀. Mo yíjú sósì. Ojú ẹlòmíràn ni mo rí níbẹ̀, inú mi sì dùn. Inú mi dùn títí orin fi parí! Ìyẹn ni mo gbé sá lọ sílé. Ìyẹn ni mò ń bá wáyà jà lé lórí látàárọ̀.

Kì í ṣe pé yóò bà á jẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Pé yóò ta á dáadáa ni. Nítorí tó bá ta á dáadáa… Lérè lọ nìyẹn. Kì í ṣe sí Wàrí. Ó lọ. Orin á sì máa dùn láìsí i, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ níta, sálúbàtà lórí yanrìn. Ọwọ́ mi wà lórí gìtá, mi ò ta á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò kan ilẹ̀kùn… ó gbọ́ pé ibí dákẹ́, bóyá ó rò pé mi ò fẹ́ rí òun. Ó ń yí padà? Ẹsẹ̀ yẹn ń yí padà! Má lọ. Jàfárù, jọ̀wọ́, má lọ. Wọlé.