Ìyá Mi Á Pẹ́ Láyé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló há Tinúadé lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́ta. Diamond lorúkọ tó fi ń kọrin. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gberin lẹ́yìn àwọn olórin ńlá kí ilé iṣẹ́ kan tó ní òun fẹ́ gbé orin tirẹ̀ jáde. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Babáfẹ́mi ní Àjàó Estate. Bí orin náà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọmọbìnrin mìíràn ti wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ orin náà fún. Àdúrà ni: "Ìyá mi á pẹ́ láyé." Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni Babáfẹ́mi, tó to ohùn orin náà, dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n sọ ọ́! Ó rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé e sókè, ló bá di "Ìyà mi á pẹ́ láyé." Háà! Ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ!

"Àǹtí Diamond, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dùn," ni Babáfẹ́mi wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Gbogbo ẹni tó létí!"

"Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ti gbọ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàálù kan ń kọjá lórí òrùlé, wọ́n sì ní láti dúró. Bí ariwo rẹ̀ ti lọ ni wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tinúadé ni, ó ti ọjà Aswani níbi tó ti ń ta aṣọ wá, ó ń kọ orin tó gbọ́ lórí fóònù ọmọ rẹ̀: "Ìyà mi á pẹ́ láyé."

Tinúadé sáré sí i. "Màámi! Ọlọ́run má jẹ́! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu yín?"

"Ṣé adití ni mí? Gbogbo ọjà ló ti bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní bí orin ọmọ mi ṣe ń lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n máa fi gbé ọ jáde, kí ìyà náà pẹ́. Ṣé ìyà tuntun ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Tinúadé lọ́kàn. Ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ náà fun fèrè níta.

"Tẹ orin," ló wí fún Babáfẹ́mi.

Ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà wọlé bí Tinúadé ṣe ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ohùn sókè, kò bá ìlù mu rárá: "Ìyá mi á pẹ́ láyé!" Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Babáfẹ́mi káwọ́ lérí.

"Èyí kọ́ la fẹ́," ni ọkùnrin náà wí.

"Èyí ni mo ní, sà."

Ó yí padà, ó lọ. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ṣí. Tinúadé jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, nítorí ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń kọ orin yẹn káàkiri ọjà, kò dáhùn sí i bí àdúrà lẹ́ẹ̀kan. Ó wá la ẹnu.

"Àmín," ló wí.