Ilẹ̀ Wa Tí Wọ́n Ká Bí Ẹní

Akọ̀wé náà ní kí n fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Ó gbé bàsíà omi kan sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ilẹ̀, ó jókòó tì í lórí àpótí, ó ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Ó ní erùpẹ̀ ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwọn tó wà níwájú mi fọ tiwọn, wọn kò janpata. Mo fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó kan ti òsì, inú bí mi, mo ní n kò fọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ Ìdí-Ìyeyè ló wà níbẹ̀, erùpẹ̀ ilẹ̀ bàbá mi, n kò sì rí ìdí tí n ó fi ṣàn án dànù sínú bàsíà ẹlòmíràn. Akọ̀wé wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó ní kò burú, kí n fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Mo gbé ti òsì sókè, mo sì ń fi ti ọ̀tún fò lọ.

Ohun tí mo bá lọ kò ju ẹyọ kan lọ. Mo fẹ́ wá ìwé ilẹ̀ wa rí, kí n kọ orúkọ ìyá mi sí i kí Bàbá kékeré tó kọ tirẹ̀. Ọládòkun ni Bàbá kékeré ń jẹ́, àbúrò bàbá mi ni. Ní ọ́fíìsì yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀ ló ni ilẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ kó lọ ro ẹjọ́ fún ògiri. Wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ "WÓ" sára ilé wa ní Ìdí-Ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé inú ilé, akọ̀wé ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan lórí àpótí kan náà. Òǹtẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ń yán. Fáìlì kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n ń kùn láàárín ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà kò sí ní kíláàsì.

"Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá," mo ní, "mo ń wá ìwé ilẹ̀ Ògúndìran ti Ìdí-Ìyeyè."

"Pè é," akọ̀wé wí. "Tó bá jẹ́ tiyín, á dá ọ lóhùn."

Mo pè é. Kò dáhùn. Mo tún pè é, mo fi ohùn tí ìyá mi fi máa ń pe ewúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kún un. Gbogbo fáìlì dákẹ́. Ọ̀kan tó ti gbó lókè pátápátá húkọ́, ó ní òun mọ ilẹ̀ náà dáadáa, àwọn jọ wà lórí pẹpẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti bá ọkùnrin kan jáde láàárọ̀. Ó ní tí mo bá lójú, kí n wo ẹ̀yìn mi.

Bàbá kékeré ni mo rí lórí bẹ́ńṣì. Ó wọ agbádá funfun, ó ká ilẹ̀ wa bí ẹní, ó fi há abíyá. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni, nítorí ewé pèrègún tó wà ní ààlà wa yọ jáde létí rẹ̀, èéfín sì ń rú wá láti àárín rẹ̀. Ìyá mi ló ń dáná.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé inú ń bí mi.

"Àwẹ̀ró, ọmọ dáadáa," Bàbá kékeré wí. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Ó ń bi mí léèrè ìyá mi, ìyá mi sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀! Ẹ ò rí i pé ìtìjú ti kúrò lójú ẹlòmíràn pátápátá. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo ní kí ó dá ìkúnlẹ̀ mi padà fún mi. Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í gba irú rẹ̀ padà. Akọ̀wé ní òótọ́ ni.

Bàbá kékeré tẹ́ ilẹ̀ náà sórí tábìlì. Tábìlì kérora. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: igi ìyeyè tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, pèrègún tó tò yí ká, kànga wa, ilé wa àti "WÓ" pupa lára ògiri rẹ̀. Mo rí ìyá mi níwájú ààrò, ó kéré bí ẹ̀wà, ó ń fẹ́ iná. Mo pè é, kò gbọ́. Akọ̀wé mú bírò, ó bi Bàbá kékeré ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ní ọ́fíìsì náà.

"Ta ló sùn níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń béèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí òkú ẹni bá wà ni ilé ẹni. Àlejò lè kọ́lé sórí ilẹ̀, ó lè gbin kòkó, ó lè gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, sàréè ni a ó nawọ́ sí; ilẹ̀ tí kò bá ní sàréè, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ sí i ni.

"Kò sẹ́nì kankan," Bàbá kékeré dáhùn. "Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n mi wà."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán igbó Ìdí-Ìyeyè. Nígbà tó kú, abẹ́ fèrèsé yàrá wọn ni ìyá mi fẹ́ kí wọ́n sin ín sí. Bàbá kékeré ló kọ̀. Ó ní èèyàn pàtàkì bí ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ, pé àárín àwọn ẹni iyì ló yẹ ẹ́, ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ òkúta mábù. Òun ló ra mábù náà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ìró rẹ̀ fi pọ́n fún erùpẹ̀. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ní irú àbúrò báyìí ṣọ̀wọ́n. Àṣé òkú ló ń kó kúrò lórí ilẹ̀! Ó fi mábù lé bàbá mi kúrò nílé, a sì ń kí i kú ìnáwó. Inú bí mi débi pé eyín mi ń rin ara wọn.

"Irọ́ ni!" mo pariwo. "Bàbá mi ló yẹ kó sùn níbẹ̀!"

"Yíyẹ kọ́ là ń kọ síbí," akọ̀wé wí. "Ta ló sùn níbẹ̀?"

"Mo ń lọ pè é."

"Kó yá o. Òǹtẹ̀ ti ń tòògbé."

"Tí mo bá ti lù ú, mo ti lù ú nìyẹn," òǹtẹ̀ wí, ó tún yán.

Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì, èyí tó yẹ kó já sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá mi jókòó sórí mábù rẹ̀ nínú kóòtù tí a fi sin ín, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun láìsí bàtà. Ó rù díẹ̀. Ó ní ara òun le, àfi ti olórí akọrin tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ òun, tó ń kọ ẹsẹ orin kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kò sì mọ ìkejì. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ìkúnlẹ̀ yìí dùn mọ́ mi.

"Àwẹ̀ró, ta ló ní kí wọ́n gbé mi wá síbí?"

"Bàbá kékeré ni, sà."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."

Ó dìde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká, ó wú mábù náà nílẹ̀, ó sì gbé e rù. Olórí akọrin béèrè ibi tó ń lọ. Bàbá mi ní òun ń lọ sílé. Ó ṣáájú, mo ń fi ẹsẹ̀ kan fò tẹ̀lé e.

Ọ́fíìsì ti kéré sí i nígbà tí a padà dé. Akọ̀wé ti gbé òǹtẹ̀ sókè, ojú òǹtẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Nígbà tí Bàbá kékeré rí ẹni tó ń bọ̀, ó padà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ti dúró lé e lórí. Ó sọ mábù náà kalẹ̀ sórí itan Bàbá kékeré, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n fín sí i àti àgbélébùú.

"Gba ẹrù ẹ," bàbá mi wí. "Ìwọ lo rà á."

"Bọ̀ọ̀dá mi, iyì yín ni mo ń wá!"

Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lọ sí ìdí tábìlì, ó gbé etí ilẹ̀ wa sókè lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn bí ẹni ṣí aṣọ ìbora, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ó fa erùpẹ̀ bo ara rẹ̀ dé ọrùn. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi, ohùn kékeré.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ rọra, ẹ má ta ìkòkò mi nù."

"Mo ti rí i," bàbá mi wí. Ó bo orí.

"Ta ló sùn níbẹ̀?" akọ̀wé tún béèrè, bí ẹni pé kì í ṣe ojú ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

"Ògúndìran Àkànbí ni! Ẹ kọ ọ́! Bàbá mi ni!"

Ó kọ ọ́. Ó kọ orúkọ ìyá mi sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ka. Mo gun orí tábìlì, mo gbé ẹsẹ̀ òsì tí mo ti ń gbé sókè láti ìgbà tí mo ti wọlé, mo fi gbogbo ìbínú mi tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ Ìdí-Ìyeyè ya ojú ẹsẹ̀ mi síbẹ̀ dáadáa. Òǹtẹ̀ la ojú, ó lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sùn.

Ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ kúrò lórí tábìlì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bo síméńtì, ó lọ dé ìdí ògiri. Igi ìyeyè ga kan àjà. Ẹnì kan húkọ́ nísàlẹ̀, irú ikọ́ tí bàbá mi máa ń hú bí àlejò bá wọ ọgbà wa láìkàgò. Akọ̀wé dìde kíá, ó bọ́ bàtà, ó lọ sí ìdí bàsíà, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun kò gbọdọ̀ fi erùpẹ̀ ọ́fíìsì tẹ ilẹ̀ onílẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku Bàbá kékeré. Mábù wà lórí itan rẹ̀, kò lè dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ó ní kí n dákun, kí n gbé omi sún mọ́ òun.

Bàsíà náà kún dẹ́nu. Mo wò ó, mo wo Bàbá kékeré, mo ní omi ti tán.