Nọ́ńbà Síkírù

“Ṣé ẹnì kan wà níbí?”

Ẹ̀gúsí tí Asimawu ń bó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ọkùnrin ni, láti inú rédíò kékeré orí tábìlì, irú èyí tí èèyàn fi ń pe ẹlòmíràn tí onítọ̀hún sì ń dáhùn. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tó yí rédíò náà sí yìí.

“Oyètọ́lá ni mò ń jẹ́, láti Àgọ́-Ìwòyè. Ṣé ẹnì kan ń lo nọ́ńbà yìí, àbí ó ṣófo?”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn tó ń fi irú rédíò kékeré bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní nọ́ńbà ìpè kan tí gbogbo wọn ti ń pe ara wọn. Bí ẹnì kan bá ti dá ọ lóhùn, ẹ̀yin méjèèjì á yà sórí nọ́ńbà mìíràn, nítorí a kì í tẹ́ ẹní sí oríta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó síbẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá onílé wà ńlé.

Síkírù, ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ. Àbígí létí omi ni Síkírù ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Asimawu wà ńlé ní Òjòwò. Bí wọ́n bá kírun Aláàsárì tán, wọn á pàdé lórí nọ́ńbà ìpè, wọn á sì yà sórí nọ́ńbà tiwọn yìí. Síkírù a máa yangàn pé rédíò tòun kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì, pé ó ń gbèsì, ó tún ń jiyàn. Látìgbà tó ti kú, àárò rẹ̀ ń sọ Asimawu gidigidi. Kì í dé nọ́ńbà ìpè mọ́, níbi tí àwọn alààyè wà. Ibí ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni.

Ó fa máìkì mọ́ra.

“Ẹnì kan wà níbí. Ọkọ mi ni.”

“Háà! Ẹ má bínú, màmá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Awà la ń wá ibi tí a ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n padà lọ dúró dè é lórí nọ́ńbà ìpè. Ẹ bá mi kí bàbá o.”

Ó sì lọ.

Ẹ bá mi kí bàbá. Níbo ni yóò ti rí i kí? Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ariwo ṣììì bí ìgbà tí a bá ń dín dòdò nínú epo nìkan ló gbọ́. Síkírù, ẹni tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni bọ̀rọ̀, kò wí nǹkan kan. Irọ́ ni òun pa, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò kan ṣoṣo tó kanlẹ̀kùn, òun ló tún lé e lọ.

Ó yí rédíò náà sí nọ́ńbà ìpè. Ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Oyètọ́lá, Asimawu ní Òjòwò ni.”

“Màmá! Ohùn yín lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ yín. Ṣé kò sí wàhálà o?”

Ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

“Nọ́ńbà yẹn ṣófo,” ó wí. “Ó ti pẹ́ tó ti ṣófo. Ẹ máa bọ̀, kẹ́ ẹ mú ọ̀rẹ́ yín dání.”