Ìdajì Ilé

Kuwììì! Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn iwájú ilé wọn ní Ṣakí máa ń ké láyé àtijọ́, tí ìyá Ràsáàkì á sì ti mọ̀ láti orí ẹní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nínú àwọn ọmọ. Ọdún méjìdínlógójì ni Ràsáàkì fi ṣe káfíńtà ní Kàdúná, ariwo yẹn ò kúrò létí rẹ̀. Nígbà tó wá darí wálé, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà ò sì ké mọ́. Àgbékọ́ rẹ̀ ti jẹrà. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e bí ẹni ń gbé aláìsàn kí èèyàn tó ráyè wọlé.

Kì í ṣe ìlẹ̀kùn ló bí i nínú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òjò fi ń rọ̀ sórí ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Ràsáàkì fi ọkọ̀ akẹ́rù kó páànù tuntun ránṣẹ́ nígbà náà. Ṣùkúrù, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì baba wọn, gbà á, ó dúpẹ́ dúpẹ́ lórí fóònù, ó sì fi bo ilé tó ń kó èso kajú tó ń tà sí. Kajú ò tutù. Ìyá ni otútù pa.

Ràsáàkì ò bá a jà. Ó ní òun fẹ́ tún ilé ṣe ni. Ìdí igi ni wọ́n fi pín ilé náà nígbà tí baba wọn kú: apá ọ̀tún jẹ́ ti àwọn ọmọ ìyá Ràsáàkì, apá òsì ti àwọn ọmọ ìyá Ṣùkúrù. Ràsáàkì na okùn láti òrùlé délẹ̀, ó fi ẹfun fa ìlà sójú ibi tí ilé ti pín. Apá ọ̀tún ló ṣe. Ó dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán, ó so fèrèsé tó ń mì dirodiro, ó kùn ún ní funfun báláú. Nígbà tó dé ìlà, ó dáwọ́ dúró. Àtẹ̀gùn iwájú ilé pàápàá, ìdajì ló rẹ́ símẹ́ǹtì sí.

Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò ó. “Ẹ wo ilé tó fárí lápá kan!” ni ọ̀kan wí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá Ìdajì ni wọ́n ń pe Ṣùkúrù.

Ṣùkúrù wá bá a lórí àkàbà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín.”

“Mo tún tèmi ṣe. Ta ló di ìwọ lọ́wọ́ mú?”

“Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ará Ìwéré-Ilé ń bọ̀ wá tọrọ Misturat ọmọ mi lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn.”

Yàrá ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ wọ ibẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló tó tú pátákó àjà rẹ̀. Ẹnì kan ti gé sílípáàsì wẹ́wẹ́, ó fi dí ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára páànù. Ó rán àpò ajílẹ̀ pọ̀, ó so ó kọ́ lókè ibùsùn, ó dà á kọ sí ọ̀nà fèrèsé kí omi lè máa ṣàn jáde. Gbogbo ìṣó rẹ̀ ló wọ́. Iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni náà gun ibẹ̀ léraléra: sílípáàsì àtijọ́ ti gan, èyí tí wọ́n fi lé e ṣì rọ̀.

“Ta ló ṣe èyí?” ló pariwo.

Misturat, ọmọ Ṣùkúrù, yọjú sẹ́nu ọ̀nà. “Èmi ni, Bàbá Kàdúná.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tábìlì ni mo gùn.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú.”

Ràsáàkì fọwọ́ kan àpò ajílẹ̀ náà. “Àwọn àna yín ń bọ̀ lọ́túnla, o ò sì wá bẹ̀ mí kí n kun apá tiyín.”

“Ṣé ẹ máa gbọ́ ni? Ọdún mọ́kànlá lẹ ò wálé, Bàbá Kàdúná. Páànù lẹ rán wá.” Ó yí padà, ó lọ.

Ràsáàkì jókòó sórí àkàbà. Ìbínú rẹ̀ ò lọ o. Ó kàn wá ń jẹ òun náà lára ni. Bó bá fi ilé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín délé ọkọ. Bó bá sì parí rẹ̀, Ṣùkúrù á jókòó sínú ilé funfun, á máa bá àna rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó fi èyí ránṣẹ́:

“Ṣùkúrù, lọ́la ni n óò kun apá tìrẹ. Ìwọ ni wàá di àkàbà mú láti àárọ̀ títí n óò fi sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo àdúgbò rí ọ. Bí àwọn àna rẹ bá yin ilé lọ́jọ́ Jímọ̀, dìde, kí o fẹnu ara rẹ sọ pé ọmọ tí wọ́n wá tọrọ ló ń dí òrùlé ìyá mi nígbà tí ìwọ ń bo kajú. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, tèmi á sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Misturat ni mò ń ṣe é fún. Èmi àti ìwọ ò tíì parí.”